Láti Ìmùṣin dé Ṣágámù: Ohun Tí Aró Sọ Nípa Kókó Ìpàkó Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, tó sì fẹ́ rí àyè jókòó dáadáa, àfi kó tètè jí. Ìlú àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni Ìmùṣin. Ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ogbere, àwọn ìyá tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà kì í sì í dúró de oòrùn kí wọ́n tó dé ìdíkọ̀. Gaàrí, ewé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa: ẹrù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, èèyàn á wá há ara rẹ̀ sáàárín. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Màmá, jókòó tì mí lẹ́yìn awakọ̀. Ó wé gèlè, ó sì fa etí gèlè náà wálẹ̀ bo ìpàkó, nítorí báńdéèjì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún gbọọrọ ni kókó kan fi wà níbẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ, kò dun Màmá, kò yún un. Ó ń gbé ẹrù rẹ̀, ó ń ná ọjà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tóbi títí ó fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tí omi tó mọ́ gaara sì ń ti ojú rẹ̀ yọ nígbà mìíràn. Kálukú ló sọ tiẹ̀. Ẹnìkan ní oówo ni. Ẹnìkan ní ọ̀rá ló dì síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi òwú so ó nídìí kó lè já fúnra rẹ̀. Àwọn tó bà mí nínú jẹ́ jù ni àwọn tó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé jẹjẹrẹ ni, pé kí a má jẹ̀ẹ́ kí abẹ kàn án, nítorí bí abẹ bá kàn án, ńṣe ni yóò ràn ká gbogbo ara. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn púpọ̀ nílẹ̀ wa. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n gbé àìsàn mọ́ra títí yóò fi kọjá ohun tí abẹ lè ṣe.

Dókítà tó gé kókó náà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti yí báńdéèjì padà, ó gbé ìgò kékeré kan sórí tábìlì. Ohun funfun ràkọ̀ràkọ̀ kan wà nínú omi inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé kò le. Ṣùgbọ́n ojú lásán kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wa gbé e lọ sí Ṣágámù, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ láró, kí wọ́n wò ó." Ó kọ orúkọ Màmá, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti gé kókó náà sára ìgò. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé. Màmá bá ọkọ̀ padà sí Ìmùṣin, èmi sì forí lé Ṣágámù pẹ̀lú ìgò náà nínú àpò.

Ọ̀nà náà kò jìn. Títì márosẹ̀ tó ti Benin wá ni à ń tọ̀: Òdógbolú, ìyànà Ìkẹ́nnẹ́ tó jẹ́ ìlú Awólọ́wọ̀ àti ti Ìlíṣàn níbi tí Yunifásítì Babcock ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni sí, lẹ́yìn náà Ṣágámù. Bí mo ṣe ń ka àwọn ìlú wọ̀nyí lójú ọ̀nà ni mò ń ronú pé àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣe oríire. Ní 1986 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá ilé ìwòsàn ìkọ́ni sílẹ̀ ní Ṣágámù, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ lónìí, oníròyìn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983. Ní Ilese, tòsí Ìjẹ̀bú-Òde, Ogun State College of Health Technology ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìlera. Kí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó dé ìtòsí wa, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ẹran ara bí èyí ì bá gbà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá rántí gbé e lọ rárá.

Ọ̀pọ̀ kì í rántí. Mo mọ ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí wọ́n gé kókó kan lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n da ohun tí wọ́n gé nù. Kò gbé e lọ sí láàbù nítorí owó, àwọn tó gé e náà kò sì tẹnu mọ́ ọn fún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan náà tún hù níbi tó wà. Dókítà kejì bèèrè pé kí ni èyí àkọ́kọ́ jẹ́. Kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Ilé àyẹ̀wò tí mo lọ ní Ṣágámù kò tóbi. Yàrá mẹ́ta, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, òórùn kan tó ń ta ni nímú tó fi dà bíi pé omijé fẹ́ bọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ asáyẹ̀ǹsì láàbù níbẹ̀ gba ìgò náà, ó fi orúkọ ara ìgò wé ti orí ìwé kó tó wo ojú mi.

Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ fi fọ́málínì sí i, sà. Àwọn mìíràn máa ń gbé e wá nínú omi lásán. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ti jẹrà."

Ó ṣàlàyé pé omi fọ́málínì náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran ara tó wà nínú rẹ̀, kí ó lè wọ̀ ọ́ dénú. Ferdinand Blum, ará Jámánì, ló ṣàwárí iṣẹ́ tí fọ́málínì ń ṣe yìí ní 1893. Ó ń fi fọ́málínì dán wò bóyá yóò pa kòkòrò àrùn, ó sì rí i pé awọ ìka ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ń le. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fi í dá ẹran ara dúró kí ó má bàa rà.

Iṣẹ́ tó kù gba sùúrù. Wọn yóò gé kókó náà sí méjì láti wo inú rẹ̀, wọn yóò sì mú ègé díẹ̀ sínú àpótí ike kékeré. Ọtí líle ni ègé náà yóò kọ́kọ́ gbà kọjá, láti èyí tí omi wà nínú rẹ̀ dé èyí tí kò lómi rárá, kí gbogbo omi ara rẹ̀ lè jáde. Xylene yóò wá gba ipò ọtí náà, lẹ́yìn rẹ̀ ìda àbẹ́là tó ti yọ́ yóò gba ipò xylene. Bí ìda náà bá ti dì, ẹran ara tó rọ̀ ti di ohun tí a lè gé. Abẹ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé e, bébà tí wọ́n sì ń bó lára rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 250, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e sókè. Mo wo ọ̀kan lójú ìmọ́lẹ̀. Àfi bí ẹni pé kò sí nǹkan lórí gíláàsì náà. Ẹran ara tí a kò tíì rẹ láró kò láwọ̀ kankan.

Nígbà tí a ń padà lọ gba èsì, Màmá ní òun yóò tẹ̀lé mi. Òwú abẹ ti kúrò lára rẹ̀, ó sì fẹ́ rí ohun tó ti bá òun gbé fún ọdún gbọọrọ. Inú mi dùn pé ó wá, nítorí òun ló jẹ́ kí ohun tí mo rí níbẹ̀ yé mi.

Asáyẹ̀ǹsì náà ń rẹ àwọn gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ó to àwo kékeré sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ki agbọ̀n gíláàsì bọ aró àkọ́kọ́, haematoxylin, ó jẹ́ kó jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó dúdú díẹ̀. Ó fi omi ṣàn án, ó tì í bọ ásíìdì tí wọ́n po mọ́ ọtí, ó yára yọ ọ́ kí aró tó pọ̀jù lè ṣí kúrò, ó wá gbé e sínú omi tó ní èròjà bíi ti eérú. Lójú wa níbẹ̀, pupa yẹn di búlúù. Màmá sún mọ́ tábìlì.

"Aró rèé," ló sọ.

Ìyá tirẹ̀ rẹ aṣọ láró. Ó mọ ìkòkò ẹlú, ó mọ omi eérú tí wọ́n ń sẹ́, ó mọ bí a ṣe ń dúró dìgbà tí aró bá ta, ó sì mọ̀ pé aṣọ máa ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di dúdú. Ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí ni wọ́n fi ń mú aró náà kó má ṣí.

"Álọ́ọ̀mù ni, Mà."

"Èyí tí a ń dà sínú omi kànga?"

"Ìran kan náà ni, Mà. Láìsí álọ́ọ̀mù, aró yìí kò ní dì mọ́ kóró inú sẹ́ẹ̀lì."

Òótọ́ ló sọ. Haematoxylin fúnra rẹ̀ kì í ṣe aró títí yóò fi gbó, bí ewé ẹlú kò ṣe ń rẹ aṣọ títí yóò fi ta. Inú igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́, igi kan tó ń hù ní Campeche, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, àti ní àyíká rẹ̀. Àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ kó igi yìí lọ sí Yúróòpù láti fi rẹ aṣọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ tó ń jẹ́ Belize báyìí nítorí rẹ̀, ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ń gé e. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọwọ́ àwọn èèyàn wa wà nínú aró tí a fi ń wá àrùn kiri lónìí. Böhmer fi álọ́ọ̀mù sí i fún ẹran ara ní 1865. Ní 1876, Wissozky, ará Rọ́ṣíà, so ó pọ̀ mọ́ eosin, aró olómi òdòdó tí Heinrich Caro ṣe ní Jámánì ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Láti ọjọ́ náà, àwọn aró méjèèjì kò tíì ya ara wọn. Búlúù ń lọ sí kóró sẹ́ẹ̀lì, olómi òdòdó ń lọ sí ara rẹ̀ àti ohun tó yí i ká. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ìwòsàn tó ń yẹ ẹran ara wò láyé tí kì í lò wọ́n.

Dókítà tó ń ka gíláàsì pè wá wọlé. Máíkírósíkópù rẹ̀ ní ojú méjì, ti olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n jókòó síbi ti akẹ́kọ̀ọ́. Kókó Màmá tẹ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó gbòòrò, ó láwọ̀. Ẹ̀bá rẹ̀ dán, ìlà tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára awọ tó kù hàn kedere. Nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kóra jọ ní agbo-agbo. Àwọn kan gba eosin dáadáa, àwọn mìíràn mọ́ gaara bí ẹni pé wọ́n ṣófo, kóró wọn búlúù, ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà fi ọfà inú ẹ̀rọ náà tọ́ka sí òrùka kéékèèké láàárín wọn. "Ẹ rí àwọn ihò yìí? Ọ̀nà òógùn ni wọ́n. Kókó yìí ń gbìyànjú láti ṣe ohun tí orísun òógùn ń ṣe."

Orísun òógùn tó wà lára èèyàn kan tó mílíọ̀nù méjì sí mẹ́rin. Purkinje àti Wendt ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn dáadáa ní 1833. Èyí tó pọ̀ jù ló ń mú ara tutù, ó sì pọ̀ jù ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Irú kejì wà lábíyá, ní abẹ́ àti lágbègbè orí ọmú, kì í sì í ṣiṣẹ́ títí ọmọ yóò fi bàlágà. Ibikíbi tí orísun bá wà, kókó lè hù níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Syringoma ń yọ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ojú àwọn obìnrin. Poroma fẹ́ràn àtẹ́lẹsẹ̀. Spiradenoma máa ń dunni. Cylindroma ń hù lórí, ó sì lè tẹ̀lé ìdílé nítorí àbùkù kan nínú jíìnì tó ń jẹ́ CYLD. Ní Zaria, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2008 lórí kókó tó ń ti àwọn ẹ̀yà inú awọ hù fi hàn pé ti orísun òógùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Lójú lásán, gbogbo wọn lè jọ oówo, wọ́n lè jọ ọ̀rá, wọ́n sì lè jọ jẹjẹrẹ.

Hidradenoma ni dókítà pe ti Màmá. Ó ṣì fẹ́ kí ó dá òun lójú. Kí ló kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gaara yẹn? Irú jẹjẹrẹ kíndìnrín kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀, tó sì lè sá wá sínú awọ. Ó gbé gíláàsì mìíràn sábẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n rẹ ní aró tí wọ́n ń pè ní PAS. Ibi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ osùn tó jinlẹ̀. Ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì tọ́jú pamọ́ ló gba aró náà. Wọ́n ti fi èròjà tó ń jẹ ṣúgà yìí kọ́kọ́ wẹ gíláàsì kẹta kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àwọ̀ náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Èròjà náà wà nínú itọ́ ẹnu wa pàápàá, àwọn láàbù kan sì ti fi itọ́ ṣiṣẹ́ náà rí. Ṣúgà nìkan kò pa ẹjọ́ náà tì, torí jẹjẹrẹ kíndìnrín náà máa ń ní in. Àwọn ọ̀nà òógùn tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bá tó dán, àti kóró sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe ségesège, ìwọ̀nyí ni dókítà pa pọ̀ mọ́ ọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú wọn lójú, aró mìíràn wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ní 1941 ni Albert Coons ní Amẹ́ríkà so àwọ̀ mọ́ àǹtíbọ́dì, èròjà tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀. Ní 1975, Köhler àti Milstein rí ọ̀nà láti ṣe àǹtíbọ́dì tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni yóò máa wá lọ. Báyìí, a lè da àǹtíbọ́dì CEA tàbí EMA sórí gíláàsì, kí inú ọ̀nà òógùn lè di àwọ̀ ilẹ̀. S100 àti SMA ń fi àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún òógùn jáde hàn. Èyí tó wúlò jù lójú mi ni p63: kókó tó bẹ̀rẹ̀ nínú awọ sábà máa ń gbà á, jẹjẹrẹ tó ti ọmú tàbí ibòmíràn wá sínú awọ sábà kì í gbà á. Ìyàtọ̀ náà ṣòro láìsí i, nítorí ọmú gan-an, ẹbí orísun òógùn ni, lára irú kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Òkè òkun ni àǹtíbọ́dì ti ń wá. Ó fẹ́ fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í kú, ìgò kékeré kan sì wọ́n. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ńláńlá bíi UCH Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ láàbù ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ti Màmá kò dé ibẹ̀. Aró àtijọ́ méjì àti PAS ti tó. Wọ́n tún ti fi yíǹkì kun ẹ̀bá ègé náà kí wọ́n tó gé e, kò sì sí kókó tó kan yíǹkì náà níbì kankan, tó fi hàn pé abẹ dókítà Ìjẹ̀bú-Òde gbé gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí hidradenoma tí wọ́n bá gé kù máa ń padà hù, ó sì lè yí padà di jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Màmá bèèrè bóyá òun náà lè wò ó. Dókítà dìde fún un. Ó fojú sí ẹ̀rọ náà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó yọ ojú, ó tún fi sí i. "Ó rẹwà," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tó gbé e wá: "Kì í ṣe jẹjẹrẹ?"

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ, Mà. Bí nǹkan kan bá tún hù níbẹ̀, ẹ tètè wá, kí ẹ sì mú ìwé yìí dání."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, Màmá sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó tì wá pé wọ́n rẹ ẹran ara òun láró, pé òun fojú ara òun rí i. Obìnrin kan níwájú yí padà, ó ní kókó kan wà ní apá òun, ó bèèrè ibi tí láàbù náà wà. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún un.

Ohun tí mò ń bẹ ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí fún ni èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ gé kókó lára yín tàbí lára èèyàn yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ kí abẹ tó kàn án. Ẹ rí i pé inú fọ́málínì ló wà, pé orúkọ wà lára ìgò. Bí owó àyẹ̀wò kò bá sí lọ́wọ́ ẹbí kan, ẹ jẹ́ ká dá a fún wọn bí a ṣe ń dá owó ìnáwó. Ẹ gba èsì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ìbàdàn ti ń kọ iye jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti 1960, èsì láàbù sì wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Kókó tí a bá dà nù kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ fún àwọn láàbù wa níná tí kì í kú àti owó tí wọn yóò fi ra aró, nítorí àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà wà nílẹ̀.